Agogo Màmá àti Ṣọ́ọ̀ṣì Inú Fọ́tò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí a ṣì ń gbé ní Ìpọ̀nrí, tí Màmá, ìyẹn ìyá tó bí bàbá mi, ṣì wà láyé. JSS 2 ni mo wà nígbà náà. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ti gbọ́ ìró agogo níbikíbi, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ máa ń padà sí mi lọ́kàn bí ẹni pé àná ni.

Fúláàtì kékeré kan ni à ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ní òròòwúrọ̀, kí àwọn oníbúrẹ́dì tó bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ní ìsàlẹ̀, Màmá á ti mi agogo rẹ̀. Agogo ọwọ́ ni, idẹ ni wọ́n fi ṣe é, igi dúdú sì ni èèkù rẹ̀. Bó bá ti dún, kò sí àwáwí! Dádì á jáde pẹ̀lú ọṣẹ ìfárùngbọ̀n ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, Mọ́mì á pa sítóòfù, èmi náà á wọ́ ara mi dé pálọ̀ pẹ̀lú oorun lójú. Ta ló jẹ́ fọwọ́ kan ògì tàbí àkàrà kí a tó gbàdúrà? Kò sí!

Màmá ti pín àdúrà náà fún wa bí ẹni pín iṣẹ́ ilé. Dádì ló ń gbàdúrà fún ìjọba àti fún àwọn tí kò ríṣẹ́. Mọ́mì ló ń gbàdúrà fún àwọn aláìsàn. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì kan báyìí ní Ìlú Ọba ni wọ́n pín fún mi. Ohun kan náà ni mo máa ń sọ láràárọ̀: "Olúwa, rántí àwọn ará wa ní Ìlú Ọba. Jẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì wọn kún."

Ẹ ó bi mí pé, kí ló pa Ìpọ̀nrí pọ̀ mọ́ Ìlú Ọba? Bàbá tó bí Màmá ló ṣe kúkù fún Alùfáà Òyìnbó kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ láyé àtijọ́. Ọwọ́ Alùfáà yìí ló ti kọ́ ìwé kíkà, òun náà ló sì rì í bọmi. Nígbà tí Òyìnbó náà ń padà sílé, ó fún kúkù rẹ̀ ní nǹkan méjì: agogo tó fi máa ń pè é sídìí tábìlì oúnjẹ, àti fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì ìlú rẹ̀. Ẹ wá wo agogo tí wọ́n fi ń pe kúkù, òun ló wá ń pe odidi ìdílé sí àdúrà!

Fọ́tò náà ni wọ́n fi kọ́ sára ògiri, lókè rédíò wa. Ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta ni, ó ní ilé ìṣọ́ gíga kan, èrò sì pọ̀ níwájú rẹ̀, gbogbo wọn dé fìlà. Mo wo fọ́tò yẹn títí mo fi mọ ojú àwọn kan nínú wọn. Ọmọdébìnrin kan wà ní ìkángun ọwọ́ òsì, mo sì fún un lórúkọ! Mo pè é ní Mary. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.) Mo gbà lọ́kàn mi pé, bí mo ṣe ń gbàdúrà fún wọn ní Ìpọ̀nrí, bẹ́ẹ̀ ni Mary ń gbàdúrà fún wa níbẹ̀. Nígbà tí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀, ohun tí mo máa ń sọ fún ara mi ni pé, ó dára, Mary ti gbọ́.

Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ènìyàn inú fọ́tò àtijọ́ máa ń dàgbà.

Bùọ̀dá Délé ni àbúrò Dádì, òun sì ni àbígbẹ̀yìn Màmá. Ẹ̀yin ìbá gbọ́ bí Bùọ̀dá Délé ṣe máa ń gbàdúrà kó tó lọ sókè òkun! Ohùn rẹ̀ á kọ́kọ́ rọra máa lọ, á wá ga díẹ̀díẹ̀, títí omi á fi bọ́ lójú Mọ́mì. Nígbà tó fẹ́ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Màmá rán an. Ó ní kó wá ṣọ́ọ̀ṣì inú fọ́tò náà kàn, kó bá òun kí wọn, kó sì sọ fún wọn pé ọmọ kúkù ṣì ń mi agogo.

Ó lọ. Ọdún ń gorí ọdún. Bí ó bá fóònù sí ọ́fíìsì Dádì, tí Dádì sì béèrè nípa iṣẹ́ tí Màmá rán an, á ní òun máa ròyìn nígbà tí òun bá délé.

Ó délé lóòótọ́. Inú wa dùn débi pé a ò mọ ibi tí a ó gbé e sí! Ó ti sanra díẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó mú ṣẹ́ẹ̀tì wá fún Dádì, ó mú báàgì wá fún Mọ́mì, ó fún mi ní pẹ́ńsù aláràbarà. Ó wá tú ohun kan tí wọ́n ká bí ẹní níwájú Màmá. Rọ́ọ̀gì kékeré kan ni, ó pupa bí iṣin, wọ́n sì ya òdòdó búlúù sí etí rẹ̀ yíká.

Àwé! Màmá fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Ojú ẹsẹ̀ ló tẹ́ ẹ síbi tó máa ń kúnlẹ̀ sí. Aládùúgbò tó bá sì ti yọjú, kó tó kí i káàbọ̀ tán, á ti ní, "Bọ́ bàtà ẹ o! Ilẹ̀ Ọba lo fẹ́ tẹ̀ yẹn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, agogo dún, gbogbo wa pé. Màmá kúnlẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì rẹ̀, ó yíjú sí Bùọ̀dá Délé.

"Àjàní mi, ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn ẹ. Gbàdúrà fún wa lónìí."

Bùọ̀dá Délé tẹjú mọ́lẹ̀. "Màmá, ẹ máa bá a lọ. Mò ń gbọ́ yín."

Mọ́mì wúkọ́. Dádì yára gba àdúrà náà mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì gbà á kíákíá bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Bí a ṣe parí, ó bi Bùọ̀dá Délé bóyá eyín ló ń dùn ún. Bùọ̀dá ní rárá. Màmá ń fi ọwọ́ ra etí rọ́ọ̀gì náà.

Ibi tí wàhálà wà ni pé Màmá ti lọ bá Bàbá Alùfáà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Yábà. Wọ́n ti fi ìdúpẹ́ wa sí ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Bùọ̀dá Délé ló máa dúró níwájú ìjọ, tí á jíṣẹ́ ìkíni tó gbà bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ìlú Ọba. Gbogbo ìjọ ló ń retí rẹ̀! Ìyá Ìjọ tilẹ̀ ti ní àwọn akọrin á kọrin ìdáhùn.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ ìmọ́tótó oṣooṣù. Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ ọ́n: kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ rìn ní títì títí di aago mẹ́wàá, oníkálukú á máa kó gọ́tà iwájú ilé rẹ̀. Èmi àti Bùọ̀dá Délé la wà nídìí gọ́tà, Dádì ń gbá àtẹ̀gùn lẹ́yìn wa. Mo rí i pé ara Bùọ̀dá ti yá díẹ̀, mo bá gbójú bi í.

"Bùọ̀dá, ṣé àwọn ọmọdé pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì inú fọ́tò yẹn?"

Ó fi ṣọ́bìrì ti ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

Ó ní ní àkókò òtútù àkọ́kọ́ tí òun lò níbẹ̀ ni òun wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ìlú náà. Ó wọ agbádá sábẹ́ kóòtù, nítorí pé ó fẹ́ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rí i dáadáa! Ó ní ilé ìṣọ́ náà lòun kọ́kọ́ rí láti ọ̀nà jíjìn, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú fọ́tò, inú òun sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí òun ń dá rẹ́rìn-ín. Ó ṣílẹ̀kùn, ó wọlé. Kí ló bá? Rọ́ọ̀gì! Rọ́ọ̀gì ni wọ́n ká, tí wọ́n tò láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí pẹpẹ wà tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kan tó fi téèpù kọ́ ọrùn bí télọ̀ rẹ́rìn-ín sí i, ó sì bi í pé báwo ni pálọ̀ rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó.

Bùọ̀dá ní òun sọ fún un pé ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń wá.

Nígbà tó sọ ìdí tó fi wá, ọkùnrin náà fún un ní àga, ó po tíì fún un. Ó ṣàlàyé pé àwọn àgbà ìjọ ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ọ̀dọ́ ò sì wá mọ́. Òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í jò, kò sí ẹni tó máa tún un ṣe, ni wọ́n bá tà á. Kò sí ẹni tó lé ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, inú ilé yẹn ni wọ́n ti rì í bọmi nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Ó fi ibi tí omi náà wà han Bùọ̀dá. Rọ́ọ̀gì aláwọ̀ ewé ló tò síbẹ̀.

Mo bi í bóyá wọ́n ti wá di ènìyàn burúkú.

"Fúnmi, ibi tó ti le nìyẹn," ni èsì rẹ̀. Ó ní ìyá tí òun yá yàrá lọ́wọ́ rẹ̀ kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kì í gbàdúrà sí oúnjẹ, òdòdó ló máa ń bomi rin ní ọjọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù àyà gbé òun ṣánlẹ̀, ìyá yìí ló ń gbé ọbẹ̀ gòkè wá fún òun, ó sì ń jókòó ti òun. "Kò sẹ́ni tó ń bá Ọlọ́run jà níbẹ̀. Ǹjẹ́ o mọ bí èèyàn ṣe máa ń gbàgbé agboòrùn síbi tó yà sí nígbà tí òjò bá ti dá? Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbàgbé rẹ̀."

"Ìwọ náà ńkọ́, Bùọ̀dá?"

Ó ní òun ń wá tòun, òun ò mọ ibi tí òun gbàgbé rẹ̀ sí. Òun ò sì lè máa kúnlẹ̀ níwájú Màmá bí ẹni tó ṣì mú un dání.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, Mary ni mò ń rò. Mo ní, "Ta ló wá ń gbàdúrà fún wa níbẹ̀?" Bùọ̀dá Délé tún mú ṣọ́bìrì rẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó ń kó gọ́tà lọ.

A kò mọ̀ pé Dádì ti dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn kò gbọdọ̀ détí Màmá.

"Ọ̀la, o kàn máa ní wọ́n kí wa ni. Ìkíni lásán ni, Délé! Ta ló fẹ́ wọkọ̀ òfuurufú lọ wádìí ẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n dúró níwájú pẹpẹ, kí n máa parọ́?"

"Ìwọ tó ò gbàdúrà mọ́! Kí ló kàn ẹ́ pẹ̀lú pẹpẹ?"

"Màmá máa wà níjòókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Màmá ló kàn mí."

Ní àkókò yẹn gan-an ni ohùn Màmá wá láti ojú fèrèsé lókè: "Àjàní, kí lẹ ń fà láàárọ̀ yìí? Gòkè wá sọ fún mi."

Ó gòkè lọ. Èmi náà tẹ̀ lé e, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Màmá jókòó sórí àpótí, ó tẹ́ ẹsẹ̀ sórí rọ́ọ̀gì. Bùọ̀dá Délé dọ̀bálẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́. Màmá gbọ́ ọ dópin, ojú rẹ̀ ń wo fọ́tò. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló béèrè.

"Rọ́ọ̀gì yìí ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni mo ti rà á, Màmá. Mi ò lè kúrò níbẹ̀ lọ́wọ́ òfo."

Màmá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí rọ́ọ̀gì náà, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ìkejì. Ó ká a, ó fi ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ìmọ́lẹ̀ òòrùn ló jí mi. Agogo kò dún! Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mi ò lè ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Ńṣe ni a ń wọṣọ láìsọ̀rọ̀, bí ẹni pé òkú wà nílé. Bùọ̀dá Délé di fìlà mú, kò dé e. Títí a fi dé Yábà, kò sí ẹni tó mọ ohun tó máa sọ, Màmá kò sì sọ bóyá òun ṣì fẹ́ ká dúpẹ́.

Nígbà tí Bàbá Alùfáà pe ìdílé wa, Màmá ló kọ́kọ́ dìde. A tò lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá Alùfáà na ọwọ́ sí Bùọ̀dá Délé pé kó jíṣẹ́ ìkíni. Kó tó lanu, Màmá di apá agbádá rẹ̀ mú, ó sì bọ́ síwájú.

"Ẹ̀yin ará, ọmọ mi jíṣẹ́ tí mo rán an. Ó débẹ̀. Kò bá ẹnì kankan. Ibi tí wọ́n ti ń ta rọ́ọ̀gì ni ilé náà báyìí."

Ariwo sọ! Ẹnì kan kígbe "Jésù!" láti ẹ̀yìn. Màmá gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ má hó o. Ṣé ẹ rò pé ẹkún ni mo wá sun fún yín? Nígbà tí àwọn yẹn wá kí wa ní ìjelòó, wọn ò mọ̀ wá rí, wọ́n ṣáà wá. Àwa náà ti ránṣẹ́ kí wọn, wọn ò sí nílé. Ṣé ká wá tìtorí ìyẹn má kí wọn mọ́? Àṣàkẹ́ ọmọ ọmọ mi yìí ló ń gbàdúrà fún wọn láràárọ̀. Kò ní dáwọ́ dúró. Ọmọ mi yìí sì nìyí, ó kọ̀, kò fi ẹnu ara rẹ̀ parọ́ fún yín. Ohun tí mo fẹ́ dúpẹ́ lé lórí nìyẹn."

Gbogbo ojú wá sára mi. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu! Ṣùgbọ́n àwọn akọrin ti gbé orin, Màmá sì ti ń jó lọ síwájú pẹ̀lú apá Bùọ̀dá Délé lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo ojú Dádì. Ó ń jó, ó ń nu ojú.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, rọ́ọ̀gì ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Màmá gbé agogo lé Bùọ̀dá Délé lọ́wọ́.

"Mi ò ní kí o gbàdúrà. Bá mi jí wọn. Apá ń ro mí."

Ó mì í. Ó mì í ní gbogbo òwúrọ̀ tó lò pẹ̀lú wa, á wá dúró lẹ́nu ọ̀nà títí a ó fi ṣe àmín. Lọ́jọ́ kan ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní bí kò bá ní ni mí lára, kí n fi ìyá tó ń gbé ọbẹ̀ fún òun kún un, àti ọkùnrin oní-rọ́ọ̀gì. Báyìí ni Mary ṣe kúrò lọ́kàn mi, tí àdúrà mi wá di: "Olúwa, rántí oní-rọ́ọ̀gì. Rántí ìyá ọlọ́bẹ̀." Dádì máa ń fi ọwọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá á ṣe àmín tó lágbára.

Bùọ̀dá Délé padà lọ. Nígbà tó yá, Màmá náà sùn, kò jí mọ́. A kó kúrò ní Ìpọ̀nrí lọ sí Ìlúpéjú, nítorí iṣẹ́ tuntun tí Dádì rí ní ilé iṣẹ́ kan. Ìdájí ló máa ń jáde. Mọ́mì náà á ti mú ọ̀nà Òtò pọ̀n kó lè tètè rí ọjà rà. Èmi náà ń sáré ìdánwò àṣekágbá. Kò sí ẹni tó jókòó pé kí a má gbàdúrà pọ̀ mọ́. Mo tún ń rántí rẹ̀: kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ rárá! Agogo Màmá ṣáà wà lórí fíríìjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àrọ tí a fi ń rọ kẹrosínì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ń nu eruku lórí fíríìjì náà, mo bá gbé agogo, mo mì í. Ìró rẹ̀ kò yí padà rárá. Mo rántí ọṣẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ Dádì, mo rántí òórùn sítóòfù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Àbúrò mi obìnrin, Bísọ́lá, tí a bí lẹ́yìn tí Màmá lọ, sáré jáde láti inú yàrá láìwọ bàtà, ó gba iwájú mi kọjá, ó na ọrùn lójú fèrèsé.

"Àǹtí Fúnmi, oní-áísìkirímù dà?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi kúrò lẹ́nu mi. Mo wá rọ́ọ̀gì náà lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbọn eruku rẹ̀, mo tẹ́ ẹ. Mo ní kí Bísọ́lá jókòó. Mo sọ fún un pé kì í ṣe oní-áísìkirímù ló dún, mo wá sọ ẹni tó ń mì í tẹ́lẹ̀ fún un. Mo pín oní-rọ́ọ̀gì fún un, èmi mú ìyá ọlọ́bẹ̀ àti Bùọ̀dá Délé. Láti ọjọ́ náà, àwa méjèèjì la ń ṣe é. Dádì bá wa níbẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi, ó ti wọ bàtà iṣẹ́ tán, torí ilé iṣẹ́ wọn kì í sinmi lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí a fi ṣe àmín.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ìkórìíra ló ń lé Ọlọ́run kúrò ní ìlú. Mi ò mọ̀ pé ó lè jẹ́ ìkánjú lásán, pé ó sì lè ṣẹlẹ̀ lórí fíríìjì tiwa níbí.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí ló wà nílé yín tí ẹnikẹ́ni kò kọ̀ sílẹ̀, tí ó kàn di ohun ìgbàgbé? Ta ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀? Ẹ wá sọ fún mi nídìí igi máńgòrò ilé ìwé wa ní àkókò ìsinmi ọ̀sán. Màá mú agogo náà dání, kí ẹ lè gbọ́ bó ṣe ń dún.